Mo fẹ́ pé 65, mo ṣì ń ṣiṣẹ́: ìgbà wo ni kí n gba Medicare?

Ìbéèrè: "Houston ní Texas ni mo ń gbé láti bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Màá pé ọmọ ọdún 65 ní àárín oṣù kọkànlá ọdún 2026. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ wa ní òṣìṣẹ́ tó lé ní igba, ìnṣọ́ránsì ìlera wọn sì ni èmi àti ìyàwó mi, ẹni ọdún 61, ń lò. Mo ń kó owó sínú HSA, àpò ìfowópamọ́ fún ìtọ́jú ìlera, mi ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Ó wù mí kí n ṣiṣẹ́ títí màá fi pé 67, lẹ́yìn náà kí a máa lo bí oṣù mẹ́rin nílé ní Ìbàdàn lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní bí mi ò bá forúkọ sílẹ̀ fún Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, ní 65, màá san ìtanràn títí ọjọ́ alẹ́ mi. Òmíràn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ìyá ìyàwó mi, ẹni ọdún 83, náà ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọdún méjì sẹ́yìn ló gba green card. Ṣé a lè fi òun náà sí i?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ìmúra ọjọ́ ìbí.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì kò purọ́. Aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n kàn ń dà bò yín. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ìtanràn ń sọ ti ẹni tó pé 65 tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ náà kò sì ní ìnṣọ́ránsì láti ibi iṣẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ oṣù kẹwàá ń sọ ti ẹni tó ti wà nínú Medicare tẹ́lẹ̀: láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ni irú wọn máa ń rí àyè pààrọ̀ ètò tí wọ́n ń lò. Àsìkò yẹn kò wà fún ẹni tí kò tíì wọlé rí. Àwọn tó ń fi oṣù kẹwàá dúró tí àsìkò tiwọn gan-an fi kọjá lórí wọn kò kéré, ìbínú ni wọ́n sì fi ń wá bá mi.

Tiyín rèé. Ẹ lè fi Apá B Medicare (ti owó dókítà) sílẹ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò ní san ìtanràn kankan, torí pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì tóbi tó. Apá A náà (ti owó ọsibítù), ẹ má tíì fọwọ́ kàn án, nítorí HSA tí ẹ ń kówó sí. Ohun tó kù ni ìdí rẹ̀, àti àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni ọjọ́ orí méjì tí wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin Medicare ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1965, 65 ni ọjọ́ orí tí èèyàn fi ń gba owó Social Security ní kíkún, 65 náà sì ni wọ́n fi Medicare sí. Lọ́dún 1983 ni wọ́n ṣòfin tó ń ti ti Social Security sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bíi tiyín, 67 ló di tirẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ti Medicare. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń dúró de 67 kó lè gba owó rẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ gbàgbé 65.

Àkókò ìforúkọsílẹ̀ tiyín jẹ́ oṣù méje: oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù ìbí yín, oṣù ìbí fúnra rẹ̀, àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Fún yín, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2026 títí di òpin oṣù kejì ọdún 2027 nìyẹn. Apá A ló ń sanwó ìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn dúró sí ọsibítù. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń yọ owó Medicare nínú owó oṣù rẹ̀ kì í san nǹkan kan lóṣooṣù lórí rẹ̀. Apá B ló ń sanwó dókítà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí kò la ibùsùn ọsibítù lọ. Òun ni wọ́n ń sanwó lé lórí, $202.90 lóṣù lọ́dún 2026, òun náà sì ni ìtanràn yẹn wà fún: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún oṣù méjìlá kọ̀ọ̀kan tí èèyàn fi pẹ́, títí tó bá fi wà nínú ètò náà. Ẹni tó pẹ́ ọdún mẹ́ta láìnídìí á máa fi nǹkan bíi $61 lé owó rẹ̀ lóṣooṣù, bí owó Apá B bá sì ṣe ń gòkè ni ìtanràn náà ń bá a gòkè. Ọ̀rẹ́ yín kò ṣàsọdùn lórí ìyẹn.

Kí ni kò wá jẹ́ kí ó kàn yín? Iṣẹ́ ni. Òfin sọ pé ẹni tó bá ní ìnṣọ́ránsì láti ibi iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, ń ṣe *lọ́wọ́lọ́wọ́* lè dúró. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá parí, tàbí tí ìnṣọ́ránsì náà bá parí, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, oṣù mẹ́jọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka fún un láti gba Apá B láìsí ìtanràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ "lọ́wọ́lọ́wọ́" yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Iye òṣìṣẹ́ ni ìbéèrè kejì. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti pé ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìnṣọ́ránsì ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó, Medicare á tẹ̀ lé e. Níbi tí wọn kò bá tó ogún, Medicare ló ń kọ́kọ́ sanwó, yálà èèyàn ti gbà á tàbí kò tíì gbà á. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ìnṣọ́ránsì ilé-iṣẹ́ kékeré lè yọ iye tó yẹ kí Medicare san kúrò, kó san èyí tó ṣẹ́kù, kí gbèsè sì wọlé tọ aláìsàn wá. Tiyín lé ní igba, kò kàn yín. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago, àìmọye nínú wa ló dá ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́jọ. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó sì ti ń sún mọ́ 65, ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dúró.

Ibi tí mo ti rí omijé jù ni COBRA, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ilé-iṣẹ́ tí èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ sanwó lé lórí lẹ́yìn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Arábìnrin kan wá bá mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni. Ẹni ọdún 66 ni nígbà tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n ní ó lè fi COBRA tẹ̀ síwájú fún oṣù méjìdínlógún, ó sì gbà. Káàdì kan náà ni, dókítà kan náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára ìwé. Ta ni kò ní rò pé nǹkan kan ò yí padà? Àmọ́ òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ tó ti kúrò níbi iṣẹ́ ni oṣù mẹ́jọ tirẹ̀ ti ń ka, ó sì ti tán kí COBRA tó dé ìdajì. Nígbà tó fi máa dé ọ́fíìsì Social Security, wọ́n ní kó padà wá lóṣù kìíní ọdún, nítorí pé láàárín oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹta nìkan ni ẹni tó bá ti pẹ́ lè wọlé. Ó lo oṣù mélòó kan láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ìtanràn sì tẹ̀ lé e. Ó san gbogbo owó COBRA pé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó gba ìnṣọ́ránsì ìfẹ̀yìntì láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tàbí tó lọ ra ti HealthCare.gov, ọjà ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀: kò sí èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2028, ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò Apá B ní bí oṣù méjì ṣáájú, kí ọjọ́ tí èyí bẹ̀rẹ̀ lè bá ọjọ́ tí tibi iṣẹ́ parí mu. Fọ́ọ̀mù méjì ni: CMS-40B, èyí tí ẹ̀yin máa kọ, àti CMS-L564, èyí tí ilé-iṣẹ́ yín máa fọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì láti ìgbà tí ẹ ti pé 65. Ẹ gba èyí kejì nígbà tí àwọn tó mọ̀ yín ní ọ́fíìsì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti lọ, ìwé tí wọn ì bá fọwọ́ sí lọ́jọ́ kan lè gba oṣù kan.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti HSA, torí òun ni ọ̀pọ̀ amòye ẹ̀gbẹ́ títì máa ń gbàgbé. Wọ́n á ní, "Gba Apá A, ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ti wà nínú apá èyíkéyìí nínú Medicare, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó owó sínú HSA mọ́, bóyá ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀ o, bóyá ilé-iṣẹ́ ni. Pàkúté mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá tọrọ Apá A lẹ́yìn tó ti kọjá 65, wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn fún oṣù mẹ́fà, wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2028, oṣù kẹta ọdún náà ni Apá A yín á ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé wọn. Oṣù kejì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ oṣù tí owó gbẹ̀yìn wọ HSA yín, ìwọ̀n oṣù méjì péré nínú iye ọdún yẹn ni òfin sì gbà yín láyè láti fi síbẹ̀. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò yọ ọ́ kúrò, owó orí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún á máa jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Owó Social Security náà ń fa Apá A lọ́wọ́: ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lẹ́yìn 65, Apá A ń bá a wọlé ni, kò sí àyè láti gba ọ̀kan kí èèyàn kọ ìkejì. Nítorí náà, bí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó yẹn ní 65 tàbí 66, ẹ kọ́kọ́ dá HSA dúró. Èyí tó ti wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ẹ ṣì lè máa fi san owó Apá B lẹ́yìn ọ̀la.

Oògùn ńkọ́? Apá D nìyẹn, aago tirẹ̀ sì yára ju ti Apá B lọ. Nígbà tí B fún yín ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́, oṣù méjì ni D fún yín. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní ìnṣọ́ránsì oògùn tó dára tó ti Medicare, ìtanràn tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì sí yín nísinsìnyí ni lẹ́tà kan tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, tó ń sọ bóyá ìnṣọ́ránsì oògùn wọn tó ti Medicare tàbí kò tó o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù ú nù pọ̀ mọ́ ìwé ìpolówó. Ẹ wá a. Ètò tó bá HSA rìn máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ náwó púpọ̀ lápò ara rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí òmíràn nínú wọn kì í fi í yege. Bí tiyín kò bá yege, ẹ máa ní láti yan ọ̀kan: kí ẹ dá HSA dúró kí ẹ lè gba Apá A pẹ̀lú D, tàbí kí ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ sì fara mọ́ ìtanràn D tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi senti 39 lóṣù fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi pẹ́, bí a bá fi iye ọdún 2026 ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò lo ju oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru olówó pọ́ọ́kú lọ lè rí i pé HSA lérè jù. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ olówó ńlá kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Owó tó wọlé fún yín náà ní ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tọkọtaya tí owó tó wọlé fún wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn bá ju $218,000 lọ ń san ju $202.90 lọ lórí Apá B lọ́dún 2026. Bí ó bá jẹ́ pé owó iṣẹ́ ló gbé yín débẹ̀, tí ẹ sì ti wá fẹ̀yìn tì, fọ́ọ̀mù SSA-44 ni ẹ ó fi sọ fún wọn pé nǹkan ti yí padà.

Ìyàwó yín ni mo rò pé ẹ kò tíì rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Medicare kì í gbé aya tàbí ọkọ sẹ́yìn. Olúkúlùkù ló ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2028, nǹkan bí ẹni ọdún 63 ni wọ́n máa jẹ́, ìnṣọ́ránsì ilé-iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́rùn wọn. Fún wọn, COBRA kò léwu, torí wọn kò tíì tó 65. Kódà, bí Medicare tiyín bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 18 tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, COBRA tiwọn lè gùn tó oṣù 36 láti ọjọ́ tí Medicare yín bẹ̀rẹ̀, dípò oṣù 18 péré. Ìyẹn lè gbé wọn dé 65 gan-an. Ó wọ́n o: gbogbo owó ìnṣọ́ránsì náà ni, pẹ̀lú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ẹ fi wé ti HealthCare.gov kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti yan ìyẹn lẹ́yìn tí ti ilé-iṣẹ́ bá parí. Bí wọ́n bá sì ti pé 65, kí wọ́n kúrò nínú COBRA bọ́ sí Medicare lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wa yẹn má baà tún ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ti ṣe tó láti fún wọn ní Apá A lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó tún ku Ìbàdàn. Medicare kì í sanwó ìtọ́jú ní Nàìjíríà, bó ti wù kí àìsàn le tó. Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni Medigap, ìnṣọ́ránsì àfikún tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń tà fún ẹni tó wà nínú Medicare ìjọba. Plan G àti Plan N wà lára àwọn tó ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú pàjáwìrì lókè òkun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ san $250, kò sì lè ju $50,000 lọ ní gbogbo ayé yín. Àmọ́ àìsàn tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò nìkan ni. Fún oṣù mẹ́rin nílé, ìdajì àkókò yín nìyẹn. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì nílé fún ìyókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ HMO wà ní Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera tirẹ̀, OYSHIA.

Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tí Apá B yín bá bẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Medigap fi gbọ́dọ̀ gbà yín láìbéèrè àìsàn tó wà lára yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Texas, wọ́n lè ní àwọn ò ṣe. Ẹ ti wá rí ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí ẹ sáré gba Apá B ní 65: oṣù mẹ́fà yẹn á ṣòfò nígbà tí ẹ ṣì ń lo ìnṣọ́ránsì ilé-iṣẹ́. Àwọn tó ń gbé Medicare Advantage, ìyẹn Medicare tí ilé-iṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, kiri àríyá ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ike omi àti fáànù ọ̀fẹ́, kì í sọ èyí fún èèyàn. Advantage kò burú fún ẹni tó jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n agbègbè ló so mọ́, bí ẹ bá sì wà lẹ́yìn agbègbè náà ju oṣù mẹ́fà lọ ní ìtẹ̀léra, wọ́n lè yọ yín kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ olùgbaninímọ̀ràn tí kò ní gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí yín, Texas ní ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní HICAP. Irú rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ má sì fagi lé Apá B nítorí pé ẹ fẹ́ pẹ́ nílé. Àárẹ̀ tí èèyàn ń bọ̀ wá tọ́jú ní Houston kì í kọ̀wé ṣáájú, ìtanràn á sì ti kóra jọ dè yín.

Ní ti màmá: kò tíì yá. Ẹni tó ní green card tó sì ti lé ní 65 gbọ́dọ̀ gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún ní ìtẹ̀léra kó tó lè wọ Medicare. Iṣẹ́ tiyín tàbí ti ọmọ wọn kò lè ra Apá A fún wọn. Wọ́n á ra á ni, $565 lóṣù ní iye ọdún 2026, pẹ̀lú Apá B lórí rẹ̀. Wọ́n lè gba Apá B nìkan bí owó A bá pọ̀ jù, àwọn ìdílé kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹ̀yin lẹ ó dúró fún owó ọsibítù. Ní báyìí, HealthCare.gov ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá sì ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Kí wọ́n má ṣe pẹ́ jù nílé bí wọ́n bá lọ kí àwọn ará, nítorí ọdún márùn-ún yẹn kò gbọ́dọ̀ já. Ọjọ́ kan wà lójú green card wọn, lábẹ́ "Resident Since". Ẹ ka ọdún márùn-ún síwájú láti ibẹ̀, ẹ yọ oṣù mẹ́ta kúrò, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná.